Ìparí Ìwé tí Mo Yí Padà ní Ìbà

Ọjọ́ kìn-ín-ní tí mo kàwé fún àwọn obìnrin onígàrí ní Ìbà, n kò gbèrò rẹ̀ rárá. Lẹ́tà ni Ìyá Sáfù ní kí n wá bá òun kọ. Òun ló ni àtíbàbà ńlá tí wọ́n ti ń ṣe gàrí lẹ́yìn ilé wọn, èmi sì gun kẹ̀kẹ́ mi wá láti Òkokomáíkò. Ó ní kí n ṣe sùúrù kí òun kọ́kọ́ koná sábẹ́ agbada ìdingàrí. Mo jókòó, mo yọ ìwé òyìnbó kan jáde, mo ń kà á. Nígbà tó yá, mo bú sẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní ọmọ ọba kan ló gun ẹṣin láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́ láì fún un lómi mu, síbẹ̀ ẹṣin ọ̀hún tún ń sáré. Ó ní kí n máa sọ ọ́ lọ. Nígbà tí mo fi ka orí kan tán, àwọn obìnrin mẹ́fà tó wà níbẹ̀ ti bó òkìtì ẹ̀gẹ́ tó yẹ kó gbà wọ́n di ìrọ̀lẹ́, wọn kò sì tíì pe ìrun ọ̀sán.

Ìyá Sáfù wo òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́, ó wò mí. Ó ní, "Akọ̀wé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì la máa ń bó ẹ̀gẹ́. Ẹ máa bọ̀."

Bí mo ṣe di òǹkàwé nìyẹn, ní nǹkan bí ọdún mélòó kan lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Gàrí ni wọ́n fi ń tọrẹ fún mi. Iṣẹ́ náà ni pé kí ojú mi wà lára èdè òyìnbó, kí ẹnu mi sì máa sọ Yorùbá láì dúró. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà dé nílé ẹ̀kọ́; ìyókù, ìwé atúmọ̀ èdè kan tí ikán ti jẹ gbogbo ọ̀rọ̀ abẹ́ lẹ́tà A rẹ̀ ló kọ́ mi. Ìtàn ìfẹ́ ayé àtijọ́ ni mo fẹ́ràn jù, èyí tí ọba, ogun àti ẹṣin wà nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti ń rí wọn. Bí mo bá ka ọ̀kan tán, màá fi í pààrọ̀ òmíràn.

Mo ní ìwé kékeré tí mo ń kọ èrò mi sí. Òǹkọ̀wé tó bá ròyìn aṣọ funfun tí ọmọge wọ̀ láì sọ ẹni tó fọ̀ ọ́, mo máa ń yọ nínú máàkì rẹ̀. Èyí tó bá mú ọmọ ogun rin ọjọ́ mẹ́ta láì jẹun, n kì í gba ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó kọ bí òórùn ẹṣin tí òjò pa ṣe rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ojú ewé yẹn, èmi tí n kò sún mọ́ ẹṣin rí.

Àwọn ibì kan máa ń tì mí lójú. Bí ọkùnrin àti obìnrin bá fi ẹnu ko ara wọn lẹ́nu, màá ní wọ́n kí ara wọn dáadáa. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Sáfù ń wo bí mo ṣe ń ṣí ìwé. Ó ní, "Ìkíni wo ló gba ojú ewé méjì? Ṣé gbogbo ẹbí ni wọ́n ń kí ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnìkan fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ìka ara rẹ̀. Mo rò pé irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ kò lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Àìná, ọmọ àbúrò Ìyá Sáfù, ló máa ń jókòó sún mọ́ mi jù. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Múfú, ti lọ wáṣẹ́ sí ilẹ̀ Gólúkóòsì láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, kò sì kọ lẹ́tà mọ́ láti ọdún kejì. Èmi ni mo ka èyí tó kọ kẹ́yìn fún un. Èmi náà ni mo bá a kọ mẹ́ta tí kò ní èsì. Ní àkókò tí mò ń wí yìí, gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Ọ̀jọ́ ti rán ẹbí rẹ̀ wá tọrọ Àìná. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Bàbá Àìná kò fẹ́ fi ipá mú ọmọ. Ó ní kó rò ó, kó fún òun lésì lọ́jọ́ Àìkú.

Ìwé tí a ń kà lọ́wọ́ nígbà náà dá lórí ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ ní ọlọ ńlá tí omi odò ń yí láti fi lọ ọkà. Ó ń dúró de jagunjagun kan tó lọ sógun lókè òkun. Lọ́jọ́bọ̀, mo ka ìparí rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé mi. Jagunjagun ọ̀hún ti gbéyàwó síbẹ̀, ó kàn fi ìwé ránṣẹ́ ni. Ọmọbìnrin náà sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta, ó bọ́jú, ó gba iṣẹ́ ọlọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Nígbà tó yá, ó fẹ́ alágbẹ̀dẹ tó máa ń bá wọn tún irin ọlọ ṣe. Inú bí mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí méjìdínlógún ni òǹkọ̀wé yìí fi mọ ọkùnrin náà, ojú ewé kan péré ló fi wó o. Mo gbà pé màá ṣe é jù ú lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo tẹjú mọ́ ìwé, mo sì ń sọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Mo ní jagunjagun dé, ó ń tiro lẹ́sẹ̀ òsì, ìyẹ̀fun ọwọ́ ọmọbìnrin náà sì lẹ̀ mọ́ apá ẹ̀wù rẹ̀ níbi tó ti dì í mú. N kò kàwé dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá Sáfù fi ìborùn nu ojú, àwọn yòókù pàtẹ́wọ́. Àìná kò pàtẹ́wọ́. Ó kàn mú ẹ̀gẹ́ kan tí kò tíì bó tán dání, kò bó o, kò sì gbé e sílẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ìyá Sáfù sọ fún mi pé Àìná ti kọ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ó ní, "Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé ọmọ ọlọ́lọ dúró, ó sì rí ọkọ rẹ̀."

Mo lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé láti ọjọ́ Ẹtì, kò sí agbo ilé kan ní Ìbà tí wọn kò ti ń sọ bí mo ṣe mọ̀wé kà tó. Mo gba ìyìn, mo ṣí ìwé tuntun.

Gbẹ́nàgbẹ́nà fẹ́ ẹlòmíràn kí ọyẹ́ tó dé. Ní ọdún kejì lẹ́yìn rẹ̀, àwọn apẹja tó ti Gólúkóòsì bọ̀ mú ìròyìn wá pé Múfú ti níyàwó níbẹ̀, ó ti bímọ méjì, ara rẹ̀ sì le.

Mo dúró títí ó fi ku Àìná nìkan nídìí páànù oníhò tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Mo jẹ́wọ́ fún un pé bí mo ṣe ka ìwé yẹn kọ́ ló ṣe parí. Kò dáwọ́ dúró.

Ó ní, "Kí wá ni ọmọbìnrin náà ṣe?"

Mo sọ ti ọlọ àti ti alágbẹ̀dẹ fún un.

"Ṣé ó láyọ̀?"

"Ìwé náà ní ó láyọ̀."

Ó rin ẹ̀gẹ́ náà tán kó tó tún sọ̀rọ̀. "Ẹ kà á fún mi, bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an."

Ó ti pẹ́ tí mo ti fi ìwé náà pààrọ̀ òmíràn. Mo sọ fún un pé mo há a sórí, pé n kò ní fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó wo ojú mi.

"Akọ̀wé, báwo ni n ó ṣe mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìbá rọrùn fún mi bó bá bínú.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi wá ìwé yẹn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mò ń tú òkìtì ìwé wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. N kò rí i. Mo ṣì ń kàwé ní Ìbà ní gbogbo ìgbà yẹn, mo sì ń ka ohun tó wà níbẹ̀, ì báà dùn, ì báà korò. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo bá wá, Àìná á gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ lọ sí ìhà kejì ilé, á máa bó o níbi tí ohùn mi kò dé.