Fiwéra àti Abániwí Rẹ̀

"Bàbá rẹ ti kú. Àwọn ọmọ ti di òrukàn."

Ohun tí Ìyá Ìdánwò, ẹlẹgbẹ́ wa níbi iṣẹ́, kà lórí fóònù rẹ̀ nìyẹn, níbi tó ti tò sórí ìlà láti ra ọṣẹ. Ó ké "Yéè! Mo gbé!", ó ju agbọ̀n ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì sáré jáde. Kó tó dé ilé bàbá rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú. Ó bá bàbá, télọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, lórí àga níwájú ilé, tó ń gé èékánná ẹsẹ̀.

"Ta ló kú?" ni bàbá bi í.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Bàbá wo ara rẹ̀ látòkè délẹ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ wa ni."

"Padà lọ sọ fún un pé mi ò tíì gbọ́."

Fiwéra, ẹlẹgbẹ́ wa mìíràn, ló fa gbogbo rẹ̀. Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ kan a máa bí iṣẹ́ mìíràn. Èyí tó bímọ là ń pè ní bàbá, àwọn tó bí là ń pè ní ọmọ. Lọ́jọ́ náà, èyí tó gbé ìkànnì ilé ìwòsàn kan ró dákú láìròtẹ́lẹ̀, àwọn kéékèèké abẹ́ rẹ̀ kò sì lẹ́nìkan mọ́. Ìyá Ìdánwò ló ń mójú tó ìkànnì náà, nítorí náà irinṣẹ́ tí Fiwéra kọ fi tó o létí, bí olówó rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

"Kí ni mo ṣe?" ni Fiwéra ń béèrè nígbà tí obìnrin náà padà dé ibi iṣẹ́. "Ṣé irọ́ ni mo pa ni? Bàbá kú. Mo sì ti jí i dìde." Ìyá Ìdánwò bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó sọ ọ́ mọ́ ọn. Ó tàsé. Fiwéra he bàtà náà, ó yẹ ẹ́ wò, ó ní ti ẹsẹ̀ kejì ì bá fò dáadáa jù ú lọ.

Fiwéra kọ́ ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwa la sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sú wa. Yàrá méjì ni ilé iṣẹ́ wa, lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà, pẹ̀lú fáànù kan tó ń wúkọ́ látàárọ̀ dalẹ́. Ìkànnì là ń ṣe fún ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn, èdè kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Rúbì la sì fi ń kọ ọ́. Ẹni tó ń lo Rúbì kì í fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ gbogbo nǹkan. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ pọ̀ rẹpẹtẹ, táwọn ènìyàn káàkiri ayé kọ, tí wọ́n sì tẹ́ sí gbangba: mú un, tú inú rẹ̀ wò, tún un ṣe bó bá wù ọ́. Èyí kan wà fún ìwọlé oníbàárà, òmíràn wà fún dídán iṣẹ́ wò, òmíràn fún yíyẹ àṣìṣe wò. Kò sì sí ọ̀kan tí kò lẹ́gbẹ́ rẹpẹtẹ. Ibẹ̀ ni ìyà wa ti bẹ̀rẹ̀, torí bó o bá ní "èyí dáa," Fiwéra á ti yí àga rẹ̀ padà.

"O fi wé kí ni?"

Ó ti lọ báyìí. Àfiwé tó kù wá já lé wa lórí. Irinṣẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, Abániwí, ló máa ń ka gbogbo kóòdù wa kó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Ọ̀gá ní ká wò ó bóyá kó dúró ni àbí ká fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ta ni wọ́n gbé ìdájọ́ fún? Ìyá Ìdánwò náà ni, tó jẹ́ pé dídán iṣẹ́ wò niṣẹ́ rẹ̀. Ó gbà á bí ẹni gba ẹrù òkúta.

Abániwí kò jọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn yòókù á sọ fún ọ jẹ́jẹ́ pé ìlà yìí ti gùn jù. Abániwí á ní, "Ìlà yìí gùn o. Ṣé aṣọ lo fẹ́ sá sí i?" Bó o bá fún nǹkan ní orúkọ kúkúrú, bíi x, á béèrè pé, "Ta ni x? Ṣé kò ní ìyá tó lè sọ ọ́ lórúkọ ni?" Bó o bá kọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, á ní, "Àwítúnwí! Ṣé arúgbó ni ọ́?" Ọ̀gá fúnra rẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, ó sì pàṣẹ pé kí Fiwéra yọ èébú kúrò nínú rẹ̀. Fiwéra gbọ́. Ó fi "Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá" síwájú èébú kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo ti ìyá ọlọ́lá kan, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, tó wá wo ìkànnì rẹ̀. Fiwéra ti ń fi àwọn irinṣẹ́ ìwọlé wéra tipẹ́tipẹ́. Ó ṣí ojú-ewé ìwọlé márùn-ún, tí wọ́n jọra bí ìbejì. "Mà, ẹ mú èyí tó wù yín."

Ìyá náà wò wọ́n títí. "Ilẹ̀kùn nìwọ̀nyí. Inú ilé dà?"

"Ilé ń bọ̀, Mà."

"Ilẹ̀kùn márùn-ún, kò sí ilé!" Ọ̀gá wa dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí inú ìyá rọ̀ díẹ̀, ó nawọ́ sí èyí tó gbẹ̀yìn. Fiwéra bi í léèrè ìdí tó fi mú un. "Òun ló sún mọ́ mi jù," ni ìyá dáhùn. Fiwéra mi orí, ó ní gbogbo bí òun ṣe ń ṣe é, òun ò tíì ro ti ìyẹn rí.

Ọjọ́ mìíràn, àbùkù wà lára irinṣẹ́ kan tó ń pín àkójọ orúkọ tó gùn sí ojú-ewé ojú-ewé. Ẹni tó kọ ọ́ wà ní òkè òkun. Fiwéra kọ̀wé sí i ní gbangba. Ó kí i kú iṣẹ́, ó kí i kú ìjókòó, ó kí i kú ìdúró, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè ọmọ, ó ṣàdúrà pé kí ọwọ́ tó fi kọ ọ́ má rọ. Gbogbo rẹ̀ ló tú sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà dáhùn pé: "Ṣé nǹkan bàjẹ́ ni?"

"Onísùúrù kọ́ lèyí," ni Fiwéra wí. "Mi ò tíì dé orí ọ̀rọ̀." Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwa náà rí i pé ọkùnrin òkè òkun ti ń béèrè àlàáfíà ìyàwó Fiwéra kó tó sọ ohun tó wà nílẹ̀. Ó ti ràn án.

Ìyàwó yẹn náà rí nǹkan. Olùkọ́ ni, ó sì ti jìyà àfiwé lórí ìkòkò, lórí ìrọ̀rí, lórí ọ̀nà tí wọ́n máa gbà lọ kí ìyá rẹ̀. Ó bínú lọ́jọ́ kan, ó ní, "Èmi ńkọ́? Ta lo fi mí wé kó o tó fẹ́ mi?"

"Kò sí," ni Fiwéra dáhùn. "Ìwọ nìkan ni mo gbà láìdán wò. Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu pé ó ń ṣiṣẹ́."

Àìsàn inú ló mú Fiwéra lọ. Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá apá òsì ni kí òun gún tàbí ọ̀tún. Ó ní kí wọ́n dán méjèèjì wò. A rẹ́rìn-ín, a rò pé yóò padà wá yọ wá lẹ́nu. Kò padà wá. Ó dùn wá, ó ṣì ń dùn wá, kò sì sẹ́ni tó ní agbára àti máa díbọ́n.

Ìyá Ìdánwò bẹ̀rẹ̀ àfiwé. Ó kó kóòdù ilé ìwòsàn, èyí tó rí wúruwùru, ó gbé e síwájú irinṣẹ́ mẹ́ta. Ọ̀kan lókìkí, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó rí àṣìṣe, ó sì tún díẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Èkejì jẹ́ ọ̀tun, ó yára, ó ti parí kí obìnrin náà tó fa àga mọ́ra. Abániwí bẹ̀rẹ̀ sí bá ẹnìkan jà lórí orúkọ x, ó sì fojú fo ọ̀rọ̀ aṣínà, kọ́kọ́rọ́ ìkànnì náà, tí ẹnìkan gbàgbé sí gbangba. Ìyá Ìdánwò tún gbé e síwájú rẹ̀. Ó tún fojú fò ó.

"Mo fẹ́ kó borí," ló sọ fún ọ̀gá.

"Kí lo wá rí?"

"Kò borí. Àìsàn àwọn ènìyàn ló wà nínú ìkànnì yẹn, Ọ̀gá. A ò lè torí pé a fẹ́ràn rẹ̀ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa ka àìsàn wọn." Ó padà sídìí tábìlì, ó gbé orí lé ọwọ́. Ó rẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìyàwó Fiwéra wá kó ẹrù ọkọ rẹ̀: awò ojú, súwẹ́tà, ife tíì. Ó kó wọn sínú àpò, kò lọ.

"Wọ́n ní ẹ fẹ́ yọ nǹkan tó kọ yẹn kúrò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí mi," ni Ìyá Ìdánwò dáhùn. "Ẹ má bínú. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n ṣé lóòótọ́ ni pé ó ń sọ̀rọ̀ bíi tiẹ̀?" Ó fọwọ́ nu imú. "Ilé ti dákẹ́ jù. Mo ra ìkòkò lọ́jọ́sí, kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn."

Ìyá Ìdánwò dìde. Ó fa àga kejì mọ́ra, ó mú obìnrin náà jókòó níwájú kọ̀ǹpútà igun yàrá. Òun tí gbogbo wa ń bẹ̀rù nítorí àṣìṣe, ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ kóòdù kan tí ojú ń ti ni láti wò. Ó tẹ bọ́tìnnì. Abániwí rò ó díẹ̀, ó wá kọ ọ́ síta:

"Ṣé o ti jẹun? Ẹni tó yó kì í kọ irú èyí."

Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín bú jáde láàrin ìka rẹ̀. "Bó ṣe máa ń sọ fún mi nìyẹn! Tí mo bá ti bínú báyìí, 'Ṣé o ti jẹun?' Ọkọ mi nìyẹn!" Omijé ń dà, ẹ̀rín kò sì dá.

Ọ̀gá yọ orí láti yàrá kejì. Ó wò wọ́n. Ó rọra sọ pé irinṣẹ́ tuntun ni yóò máa ka iṣẹ́ oníbàárà láti ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà igun yẹn. Ó pa ilẹ̀kùn dé.

Ìyàwó Fiwéra sún àga rẹ̀ síwájú, ó nu ojú pẹ̀lú súwẹ́tà ọkọ rẹ̀.

"Ẹ tún ṣe òmíràn," ló wí. "Ẹ ṣe èyí tó burú gan-an."