Ẹ̀rọ Olójú Mẹ́ta tí Mo Tò fún Bàbá Mi

Nígbà tí àwọn àgbà mọ́sálásí wa ní Ìlárè gbé ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá kí bàbá mi, tí ara rẹ̀ sì le koko, mo ti mọ̀ pé kò sí ire níbẹ̀. Ẹni tí kò ṣàìsàn, tí wọ́n wá ń fi èso kí, kó yáa múra. Wọ́n ṣàdúà gígùn, kí alága wọn tó wúkọ́, tó ní ààwẹ̀ ń bọ̀, Bàbá ti ṣe iṣẹ́ ńlá, kí wọ́n sinmi, kí àfáà kékeré kan gbapò wọn láti máa túmọ̀ Kùránì nínú ààwẹ̀ ọdún yìí.

Gbogbo wa la mọ ohun tó fà á. Ojú bàbá mi ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní èyí tó lọ ti lọ, pé ohun tó bá mọ́lẹ̀ dáadáa, tó sì súnmọ́ ọn tímọ́tímọ́, nìkan ló kù tó lè máa rí. Nínú ààwẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan béèrè ọ̀rọ̀, Bàbá bá kọjú sí òpó mọ́sálásí, ó sì dá òpó náà lóhùn kúnnákúnná. Kí n sòótọ́, òpó yẹn fetí sílẹ̀ ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó lọ.

Bàbá kò jà. Ó ní òun ni yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní. Bí kò bá dáa lójú wọn, kí wọ́n gbé àga ìtumọ̀ fún ẹni tó wù wọ́n. Nígbà tí wọ́n lọ tán, kò fọwọ́ kan ọsàn wọn. Ó jókòó, ó ń yí tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, àánú rẹ̀ sì ṣe mí gan-an.

Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi. Torí pé obìnrin ni mí, àwọn kọ́sítọ́mà tuntun a máa bi mí pé ọ̀gá dà. Irú kọ̀ǹpútà àgbéká kan wà tí wọ́n ṣe kó ṣeé tú ní ẹyọ-ẹyọ: sikirínì lọ́tọ̀, bátìrì lọ́tọ̀, kámẹ́rà lọ́tọ̀, àní ihò tí à ń ki wáyà bọ̀ pàápàá lọ́tọ̀. Mo ti kó àlòkù wọn jọ. Mo wá pinnu láti to ẹyọ kan tó ní sikirínì mẹ́ta, tó ṣeé ká pọ̀ gbé lọ sí mọ́sálásí, tí kò sì ní máa retí iná mànàmáná. Kápẹ́ńtà kan ní Ìlódè ló bá mi gbẹ́ pátákó rẹ̀, bí èyí tí à ń gbé Kùránì lé, àmọ́ ó fẹ̀ jù ú lọ, ó sì ní apá tó ń ṣí sọ́tùn-ún sósì. Gbogbo ilé di ọjà síkúrúù. Ìyá mi rí ọ̀kan nínú ẹ̀wà, ó ní irin ló kù tí òun ó máa sè fún wa jẹ.

Mo fi Kùránì gàdàgbà gadagba sí sikirínì òsì, ìtumọ̀ sí àárín, aago sí ọ̀tún. Bàbá súnmọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún bí gbogbo àfáà.

"Aago márùn-ún kọjá," ó kà á sókè. "Ṣé súrà tuntun nìyí?"

Èmi tí wọ́n nà ní ilé kéú títí mo fi mọ̀ pé ọ̀tún la ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo sáré tò ó padà. Bàbá kà á díẹ̀, ó yìn mí, ó sì fà sẹ́yìn.

"Ọmọ yìí," ó ní, "ta ló sọ fún ọ pé Kùránì ni mi ò rí? Ó ti wà nínú mi kí n tó fẹ́ ìyá rẹ. Ojú èèyàn ni mi ò rí mọ́. Mi ò mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ mi yé, mi ò mọ ẹni tó ń bínú. Òkùnkùn ni mò ń wàásù fún."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí ní akínyẹmí ara. Mo tún gbogbo rẹ̀ tú palẹ̀. Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ni kámẹ́rà inú rẹ̀ máa ń wò ṣáá, bí ẹni tí kò níṣẹ́ mìíràn. Mo wá kámẹ́rà mẹ́ta, mo kọjú wọn síta, kí sikirínì ọ̀tún máa fi àwọn ọkùnrin apá ọ̀tún hàn, kí ti àárín fi àwọn tó wà níwájú hàn, kí ti òsì sì fi àwọn obìnrin hàn, kí ojú olúkúlùkù tóbi bí àwo.

Ní ọjọ́ kìíní ààwẹ̀, lẹ́yìn ìrun alásàrí, mo gbé e kalẹ̀ níwájú Bàbá. Àfáà kékeré ti jókòó sítòsí, ó wé láwàní tuntun, ó ń retí kí wọ́n pe òun. Ajánàsí ń ké Kùránì, Bàbá ń túmọ̀ rẹ̀. Lójijì ni Bàbá dákẹ́, tó tẹ orí sí sikirínì àárín.

"Alága wa, ẹ kú ojú oorun o," ó ní jẹ́jẹ́. "Ẹ fara ti òpó yẹn dáadáa. Èmi àti òun ti jọ sọ̀rọ̀ rí."

Alága ta jí, ó ní, "Àmín."

Ẹ̀rín gba gbogbo mọ́sálásí. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún dijú. Bàbá ń kí ẹni tó ń tẹ fóònù, ó ń tún ọ̀rọ̀ sọ fún ẹni tó bá rí i pé kò yé. Nígbà tí a ń lọ, alága fúnra rẹ̀ ló bá mi gbé ẹ̀rọ náà dé ẹnu ọ̀nà, ó sì ní ká rí i pé ó jẹ iná dáadáa kó tó di ọ̀la.

Nígbà ìṣínu, bàbá mi mu omi, ó sì yíjú sí ibi tó ti ń gbọ́ ohùn ìyá mi.

"Àlàájà, mo rí ọ lónìí," ó ní. "O ti hewú."

Ìyá mi pòṣé, ó ní ta ló rán an pé kó máa wo obìnrin nínú ààwẹ̀. Àmọ́ ó fa ìborùn rẹ̀ síwájú bo ewú náà. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé oúnjẹ síwájú ọkọ tí kò rí i.

Ní ọjọ́ kejì, kí a tó jáde, ìyá mi bi mí, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn, pé ibo gan-an ni kámẹ́rà àwọn obìnrin yẹn kọjú sí. Ó ti lé tìróò. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ká ẹní rẹ̀, ó sì tètè lọ jókòó síbẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbà á.