Aya Mi, Àyà Mi

Ohùn ni baba náà fi jẹun. Ibùdókọ̀ ojú irin ló ti ń kéde ọkọ̀ tó ń bọ̀ àti èyí tó ń lọ, gbogbo èrò sì ń pè é ní Agogo. Bó bá ní kí wọ́n sún kúrò létí irin, ẹni tí kò tiẹ̀ wọkọ̀ á sún. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá a wó. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń já sí. Ohùn òkè kò sí mọ́, ti àárín kò sí. Ayé mà le o.

Ìyàwó rẹ̀ kò lè jókòó tì í. Aṣọ ìbùsùn ló ń fọ ní ilé ìtura kan, bí kò bá sì lọ, kí ni wọ́n máa jẹ? Àkọ́bí wọn obìnrin, akọ̀wé báǹkì, fẹ́ gbé baba lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Baba kọ̀ jálẹ̀. Ni ọmọ bá ra ẹ̀rọ kékeré tó ń gbọ́rọ̀ èèyàn, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Bí baba bá lè fi í ké sí èèyàn nígbà ìṣòro, á dúró sílé. Bí kò bá lè ṣe é, ó di dandan kó lọ.

Gbọ́ràn ni ìyá sọ ẹ̀rọ náà. "Ìwọ nìkan lo ń gbọ́ràn nínú ilé yìí," ló máa ń wí. Gbọ́ràn ń tan iná, ó ń pa fáànù, ó ń rán wọn létí oògùn. Baba a máa fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín sí i.

Láti ọjọ́ ìgbéyàwó, "aya mi" ni baba ń pe ìyàwó rẹ̀, orúkọ yẹn náà sì ni ọmọ fi tọ́jú nọ́ńbà fóònù ìyá sínú ẹ̀rọ. Ó tún kọ́ ọ pé bó bá gbọ́ "àyà mi", kó yára pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ọmọ tó fẹ́ kí baba òun pẹ́ láyé, ta ni yóò bá a wí?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àárò ìyàwó rẹ̀ sọ baba. Nǹkan kan kò ṣe é, àárò lásán ni.

"Pè àyà mì," ó wí.

"Àyà ń dùn yín. Ìrànlọ́wọ́ ń bọ̀."

Baba mi orí. "Ràrà. Àyà. Àyà mì!"

Bó ṣe ń ṣàlàyé tó ni ẹ̀rọ ń pe ọkọ̀ sí i.

Nígbà tí ìyàwó fi sáré dé, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti gbé e sórí ibùsùn onítáyà, "àyà mì" ló ṣì ń wí. Ọmọ wọn ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà.

"Èmi ló ń pè!" ìyá pariwo. "Àyà kọ́, aya ni!"

"Màámi, mo mọ̀. Wọ́n ti yẹ̀ wọ́n wò, àyà wọn dáa. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀la, tí àyà bá ń dùn wọ́n lóòótọ́, tí a rò pé ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ńkọ́?"

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n gbé baba lọ sí ilé ìtọ́jú.

Bó bá ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyàwó máa ń yà sí, tòun ti òórùn ọṣẹ lọ́wọ́.

"Ẹ pè mí," ó bẹ̀ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. "Ẹ pè mí bí ẹ ṣe máa ń pè mí."

Baba wo nọ́ọ̀sì tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá tún pè é, wọ́n á tún gbé òun lọ síbòmíràn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì pa ẹnu mọ́.