Ẹyin Tútù Tí Ìyá Ọkọ Mi Ní Kí N Mu

Láàárọ̀ yìí, ìyá ọkọ mi gbé àga dí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì mọ́ mi, wọ́n ní àwọn ò ní dìde àfi tí mo bá mu ẹyin tútù.

Mo lóyún. Wọ́n kó ẹyin adìẹ wọn wá láti Kuta, wọ́n fọ́ méjì sínú ife, wọ́n fi oyin pò ó.

"Mu ún, kí ọmọ lè lágbára."

Mo kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sè é. Nọ́ọ̀sì ní kí aláboyún má jẹ ẹyin tí ò jinná, torí àìsàn."

"Ohun tí mo mu nígbà tí mo lóyún ọkọ rẹ nìyẹn."

Mo wo ọkọ mi ní pálọ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀, ó jáde.

Nígbà tí mi ò gbà, Màmá gbé ife náà, wọ́n mu ún tán lójú mi. "Jẹ́ ká wò ó bóyá màá kú."

Látìgbà yẹn ni mo ti ń ṣọ́ wọn. Tí inú bá run wọ́n, wọ́n á ní èmi ni mo fẹnu fà á. Tí ò bá run wọ́n, dandan ni kí n mu tèmi lọ́la.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, èwo ni kí n máa bẹ Ọlọ́run fún báyìí?