Igun Ore Tó Kù Lẹ́bàá Òkúta

Bí ẹ bá dé Goro lónìí tí ẹ béèrè ìyá tó ń hun ẹní ore, Rafiatou ni wọn yóò júwe fún yín. Kò sí ẹlòmíràn mọ́. Ẹní rọ́bà ti gba ilé gbogbo. Ó dùn-ún wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ sùn lé e nígbà ooru kí ẹ wá ròyìn fún mi.

Nígbà tí Rafiatou wà lọ́mọge, ọdọọdún làwọn obìnrin ń tú yáyá lọ sétí odò lọ gé ore, koríko gbọọrọ inú àbàtà tí wọ́n fi ń hun ẹní. Orin ni wọ́n fi ń gé e. Ibi tí wọ́n bá gé ni koríko tútù ti ń yọ fún màlúù. Ayé ìgbà náà dùn, àárò rẹ̀ sì ń sọ ọ́ títí dòní.

Ẹní rọ́bà dé, ẹnikẹ́ni ò gé ore mọ́, ni ore bá bo pápá mọ́lẹ̀, màlúù ò sì rí koríko tútù jẹ mọ́. Imorou ọkọ Rafiatou kú, ó fi màlúù díẹ̀ sílẹ̀. Farid ọmọ wọn dáná sun ore náà bí wọ́n ti ń sun igbó. Òjò rọ̀, ore tún yọ, ó ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Maman, ilẹ̀ yìí ti bàjẹ́ o," ni Farid wí. "Ẹ jẹ́ ká ta àwọn màlúù."

Rafiatou kọ̀. Àwọn màlúù yẹn ló kù fún un lára iṣẹ́ ọwọ́ Imorou. "Ọmọ mi, fún mi ní òjò ọdún kan péré."

Òun àti Kafilatou ọ̀rẹ́ rẹ̀ gé ore nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí omi kún, wọ́n tún wọ inú rẹ̀, wọ́n gé ìdí ore lábẹ́ omi bí àwọn ìyá wọn ti máa ń ṣe, kó lè rà. Kafilatou ń ráhùn pé eegun òun kì í ṣe ti ọmọge mọ́. Rafiatou ní kó yé ráhùn, kó gberin. Farid kọ́kọ́ ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó ká ṣòkòtò sókè, ó bá wọn wọ inú omi. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Bí omi ti fà, koríko tútù yọ. Màlúù dé ibẹ̀, wọn ò gbórí sókè. Inú Rafiatou dùn débi pé ó sunkún.

Ó wá ku ore igun kan lẹ́bàá òkúta. Rafiatou ti gé díẹ̀ níbẹ̀ láàárọ̀, ó dì í sílẹ̀. Farid gbé àdá sí ìyókù.

"Fi ìyẹn sílẹ̀."

"Maman, yóò tún gbilẹ̀ o."

"Èmi ni yóò máa gé e. Ibẹ̀ ni mo wà tí ẹrù ore wọ̀ mí lọ́rùn, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi màlúù rẹ̀ sílẹ̀ wá bá mi rù ú. Ojú ń tì í. Kò sọ nǹkan kan títí a fi délé. Bàbá rẹ nìyẹn."

Farid ti àdá bọ àkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ẹrù ore ìyá rẹ̀ rù, kò sì sọ nǹkan kan títí wọ́n fi délé.