Ife Tí Janet Kò Tọ́ Wò

Janet fi ẹnu kan wáìnì kí àlejò tó mu ún. Gbogbo àṣìṣe rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ìparí ọdún 1961 ni, kì í ṣe 1962 bí àwọn kan ti ń sọ. Olúrántí, tí ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Arámọ̀kọ, gba àlejò pàtàkì méjì láti Ìbàdàn. Wọ́n gbé ìgò wáìnì funfun kan dání, wáìnì Sípéènì. Janet ni Olúrántí pè láti wá se oúnjẹ, nítorí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ní Fernando Po, erékùṣù tí àwọn ará ilé wa ń pè ní Pàǹyá. Ilé ìdáná òyìnbó Sípéènì kan ni Janet wà níbẹ̀ títí ọkọ rẹ̀ fi kú. Ó mọ akàn àti edé tútù sè bí wọ́n ti ń sè é. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ààrò ni ó máa ń wà. Kò dé ibi tábìlì rí, kò sì mọ bí wọ́n ti ń bu wáìnì fún àlejò.

Nítorí náà, ó ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é ní Ìlórò, ìlú rẹ̀. Níbẹ̀, ẹni tó bá bu ẹmu fún ènìyàn ni ó ń kọ́kọ́ mu níbẹ̀, kí ara lè tu ẹni tí a bù ú fún pé kò sí májèlé nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ife fún ọ láìtọ́ ọ wò, ṣọ́ra fún un. Janet bu wáìnì, ó kúnlẹ̀, ó mu díẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì na ife sí àlejò.

Olúrántí fò dìde. "Kí lo ṣe yẹn? O fi ẹnu ìdọ̀tí rẹ kan ife àlejò mi?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Mo ní kí n tọ́ ọ wò ni."

"Tọ́ ọ wò! Ṣé mo jọ ẹni tó ń fún ènìyàn ní májèlé jẹ ni?"

Ife náà ní ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́. Olúrántí so okùn mọ́ ọn níbẹ̀, ó fi kọ́ Janet lọ́rùn, ó sì ní bẹ́ẹ̀ ni kí ó ṣe gba inú ọjà kọjá lọ sílé. Ilẹ̀ kò tíì ṣú, ọjà sì kún. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ rẹ̀ ti di Tọ́ọwò. Ọmọdé ń pè é, àgbà ń pè é. Ṣọlá, ọmọbìnrin rẹ̀, di Ọmọ Tọ́ọwò ní ilé-ìwé, ó sì ń sunkún wálé.

Janet kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó fọ ife náà, ó fi okùn rẹ̀ gbé e kọ́ sórí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Felicia ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kí ó sọ ọ́ nù.

"N kò ní sọ ọ́ nù," Janet dáhùn. "Ọkùnrin yẹn ṣì máa fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n tọ́ ọ wò, níṣojú ènìyàn."

"Ta ni? Olúrántí? Ìyá Ṣọlá, o ò mọ̀ ọ́n ni. Olúrántí kì í bẹ Ọlọ́run gan-an, àṣẹ ló máa ń pa fún un."

"Jẹ́ kí n máa retí rẹ̀."

Ó ṣí ilé oúnjẹ sí ẹ̀gbẹ́ títì tó ti Adó lọ sí Ìléṣà. Àwọn awakọ̀ tó ń ti etí òkun bọ̀ ń gbé akàn àti edé fún un nínú àpótí yìnyín. Ó ń ra wáìnì funfun Sípéènì náà láti Èkó. Àwọn ènìyàn rò pé ohun olówó ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò wọ́n tó ọtí líle àwọn òyìnbó. Tíṣà àti akọ̀wé lè rà á tí oṣù bá parí. Kò ní fìríìjì, nítorí náà ó máa ń ri ìgò sínú àmù láti òwúrọ̀, á sì tutù dáadáa. Àwọn àgbẹ̀ tó kọ́kọ́ mu ún ní ó dà bí ẹmu àná tí kò tíì kan tán. Nígbà tí wọ́n fi jẹ akàn, wọ́n tún béèrè.

Ní 1965, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó fẹ́ yan alága, Olúrántí sì ń fẹ́ ipò náà lójú méjèèjì. Ó fẹ́ fi oúnjẹ tu àwọn àgbà ẹgbẹ́ lójú. Bàbá Òjó, tí ó dàgbà jù nínú wọn, ní òun kò jẹ nǹkan mìíràn, àfi akàn Ìyá Ṣọlá. Báyìí ni Olúrántí ṣe gba ilé Janet lọ. Ó rò pé obìnrin náà ti gbàgbé.

Ohun kan wà tí Janet mọ̀. Láti ìgbà tí ìjà ipò yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù májèlé ti ń ba Olúrántí. Victoria, ìyàwó rẹ̀, ni ó ń kọ́kọ́ fi ẹnu kan ohun gbogbo tí ó bá fẹ́ jẹ. Victoria fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lọ́jà. Ṣùgbọ́n àpèjẹ ọkùnrin ni èyí, Victoria kò sì bá wọn wá.

Àwọn àgbà márùn-ún ni ó jókòó pẹ̀lú Olúrántí. Janet gbé akàn àti edé kalẹ̀ nínú abọ́ ńlá kan pẹ̀lú iyán. Gbogbo wọn jọ ń bu láti inú abọ́ náà, nítorí náà Olúrántí jẹun. Lẹ́yìn náà, Janet yọ ìgò láti inú àmù, ó ṣí i lójú wọn. Ó bu fún Bàbá Òjó, ó kúnlẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó gbé e fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe fún àgbà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kan Olúrántí, ó wọlé lọ, ó mú ife kan jáde. Okùn ṣì wà lọ́rùn ife náà. Ó bu wáìnì sínú rẹ̀, ó gbé e síwájú ọkùnrin náà, kò sì fi ẹnu kàn án.

Olúrántí wo ife náà. Ìgò kan náà ni, ṣùgbọ́n ta ni ó mọ ohun tó ti wà nínú ife?

"O ò tọ́ tèmi wò," ni ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kò dára."

Bàbá Òjó rẹ́rìn-ín. "Olúrántí, mu ún jàre! Àbí akàn ló fún ọ lọ́fun ni?"

"Mo ti yó, bàbá."

"Ní ulé baba mi, a kì í yó kọjá ẹmu. Ẹni tí kò lè gba ife lọ́wọ́ opó, báwo ni yóò ṣe gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ wa?"

Àwọn tó kù ń wò ó. Òógùn bo iwájú orí Olúrántí. Ó gbé ife náà dé ètè, ó tún gbé e kalẹ̀.

"Ìyá Ṣọlá," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. "Jọ̀ọ́. Bá mi tọ́ ọ wò."

"N kò gbọ́, ọ̀gá."

"Mo ní mo bẹ̀ ọ́. Tọ́ ọ wò."

Janet gbé ife náà. Kò kúnlẹ̀. Ó fa àga kan, ó jókòó sí tábìlì pẹ̀lú wọn, ó ṣẹ́ apá akàn kan nínú abọ́, ó rọra fa ẹran inú rẹ̀ jẹ. Lẹ́yìn náà ó mu wáìnì náà, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi tán. Ó tutù, ó kan díẹ̀ bí omi ọsàn wẹ́wẹ́, ó sì fọ iyọ̀ òkun kúrò lẹ́nu. Ó ti ń ta á láti ọjọ́ yìí. Ọjọ́ náà ni ó gbádùn rẹ̀ jù. Ó da ojú ife bolẹ̀ níwájú Olúrántí.

"Ó dára o. Ṣùgbọ́n ẹnu ìdọ̀tí ti kàn án, ọ̀gá. N kò lè fi bu fún yín mọ́."

Ẹ̀rín bú jáde. Bàbá Òjó ń nu omi ojú. "Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé," ni ó wí, "ẹni tó kó o kì í gbàgbé."

Àwọn kan ṣì ń sọ títí dòní pé nǹkan wà nínú ife náà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tó mu ún kò ṣàìsàn ọjọ́ kan.

Yàkúbù, àgbẹ̀ kan láti Ara, ni ẹgbẹ́ yàn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn ọmọ ilé-ìwé ti gba orúkọ náà lọ́wọ́ Ṣọlá, wọ́n fún Olúrántí; Bàbá Tọ́ọwò ni wọ́n ń kí i lójú títì. Victoria wá bẹ Janet pé kí ó bá àwọn ọmọ náà wí. Janet bu iyán fún un, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, kò sì bá ọmọ kankan wí.

Ní 1969, Janet ti kó lọ sí Ìgbókòdá, nítòsí òkun tí akàn rẹ̀ ti ń wá, ó ń se akàn tà lẹ́bàá odò. Ife náà wà lórí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.