Ife Epo Pupa Mẹ́ta Tí Mo Mu Kí Wọ́n Tó Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Mi Wò

Mo rántí ìgbà tí mo fi ife epo pupa mẹ́ta ba ẹ̀jẹ̀ ara mi jẹ́. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni rán mi o, ìbẹ̀rù ni. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò bóyá májèlé wà níbẹ̀, èmi náà sì rò ó pé kí n tètè pa májèlé náà kí wọ́n tó rí i, bí ọmọ iléèwé tó ń gbá kíláàsì kí tíṣà tó dé.

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe ní Muṣin nígbà náà, àwa mẹ́fà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì kan nínú ọgbà tí mò ń gbé. Lẹ́yìn wa ni lánlọ́ọ̀dù, tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé ní Sùúrùlérè, to àwọn àgbá epo tó fà jáde lára tiransifọ́mà àlòkù jọ sí. Epo yẹn la ń bù sínú ẹ̀rọ tí a fi ń jó irin kó má baà gbóná jù. Èmi tiẹ̀ tún ń fi pa orúnkún tó ń ro mí, mo sì ń fọ́nnu pé kò sí ìpara tó dà bíi rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní Yaba, ló wá kí wa lọ́jọ́ kan, ó rí ohun tí mò ń fi para, ó sì figbe ta. Mo mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ó ní nínú irú epo àtijọ́ bẹ́ẹ̀, májèlé kan máa ń wà tí kì í tán nílẹ̀ bọ̀rọ̀, tó máa ń sá pamọ́ sínú ọ̀rá ara èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ìyá sì lè kó o ran ọmọ inú. Ibẹ̀ ni àyà mi ti já. Ọmọ mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ mi nínú ọgbà yẹn, pẹ̀lú oyún oṣù márùn-ún. A lọ bá lánlọ́ọ̀dù pé kó kó àwọn àgbá kúrò. Ó rẹ́rìn-ín. "Epo tí ẹ ti ń lò látọjọ́ yìí? Ta ló pa? Ẹ mú ẹ̀rí wá." A ò ní ẹ̀rí méjì ju ẹ̀jẹ̀ wa lọ.

Ọmọ àbúrò mi ní kí àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò níbi iṣẹ́ òun, ká má sì fẹnu kan nǹkan kan láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àfi omi. Àmọ́ àwọn àgbà wa ní epo pupa ní í pa oró májèlé. Mo mu ife kan lọ́jọ́ kìíní, ọ̀kan lọ́jọ́ kejì, mo da ẹ̀kẹta sọ́nà ọ̀fun ní ìdájí ọjọ́ àyẹ̀wò náà gan-an. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wa, wọ́n fi sínú ẹ̀rọ tó ń yí i bírí. Ti àwọn yòókù jáde, omi orí rẹ̀ mọ́ kedere. Tèmi dà bí omi ògì.

"Ọ́ńkù, kí lẹ jẹ?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan."

"Ọ́ńkù!"

"Epo pupa díẹ̀ ni."

Wẹ́dà kan bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má dà á nù o, ẹ jẹ́ ká fi dín dòdò."

Ọmọ àbúrò mi ṣàlàyé pé epo tí mo mu kò fọ nǹkan kan; inú ọ̀rá tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti ń wá májèlé ọ̀hún, mo kàn da ìṣirò wọn rú ni. Mo padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú ikùn òfìfo àti ojú ẹlẹ́bi.

Èsì dé. Májèlé wà lára àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó pọ̀ fíìfíì ju ti àwọn tí kò fọwọ́ kan irú epo bẹ́ẹ̀ rí. Tèmi ló ga jù. Ó yẹ kí n sunkún, ṣùgbọ́n mo gbé ìwé náà sókè bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ.

Lónìí, ọmọ-ọmọ mi ń sáré kiri nínú ọgbà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ gígùn ti gbé àwọn àgbá lọ, wọ́n sì wa ilẹ̀ tó ti mu epo kúrò. Wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò; májèlé náà kò tíì tán, àmọ́ ó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé ìwé èsì nìkan ló ṣẹ́gun. Wọn ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a gbé e lọ bá lánlọ́ọ̀dù. Baba náà ti gbọ́ ìròyìn ife mẹ́ta mi. Ó ní, "Ẹni tó ń mu epo pupa bí omi, ta ló máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbọ́?" Ọmọ àbúrò mi ń ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n lò, baba ò gbọ́. Ni ọmọ mi bá dìde tòun ti oyún níwájú, ó tẹ orúnkún díẹ̀ láti bọ̀wọ̀ fún un, ó ní:

"Bàbá lánlọ́ọ̀dù, ẹ má bínú. Bí kò bá sí nǹkan nínú epo náà, ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí Sùúrùlérè lọ́la, ká tò ó sábẹ́ fèrèsé yàrá tẹ́ ẹ̀ ń sùn."